Àtúnṣe, Àtúnbí, Ìyípadà: ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò kí ìwé yìí tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè wa.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé ìtàn Yúróòpù fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama béèrè ọ̀rọ̀ méjì lọ́wọ́ wa: kí ni ká máa pe Reformation (ìgbà tí Luther àti ẹgbẹ́ rẹ̀ dìde sí Ìjọ Róòmù), kí sì ni ká máa pe Renaissance (ìgbà tí àwọn ará Ítálì jí ọgbọ́n Gíríìsì àti Róòmù àtijọ́ dìde)? Ibi tí ọ̀rọ̀ dúró sí lálẹ́ àná ni pé kí àkọ́kọ́ máa jẹ́ Ìyípadà Ẹ̀sìn, kí èkejì máa jẹ́ Àtúnbí. Ọ̀pọ̀ yín ti ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi ò rò pé ó dáa. N ó sọ ìdí rẹ̀, torí pé ọ̀rọ̀ tí ọmọ bá kọ́kọ́ bá pàdé nínú ìwé ni yóò fi máa wo nǹkan náà títí yóò fi dàgbà.

Bí mo bá sọ fún ìyá mi pé ìyípadà ẹ̀sìn kan bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 1517, ohun tí wọ́n máa gbọ́ ni pé àwọn ará ibẹ̀ fi ẹ̀sìn tí wọ́n bí wọn sí sílẹ̀, wọ́n sì bọ́ sínú òmíràn. Ohun tí "yí ẹ̀sìn padà" jẹ́ lẹ́nu wa nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ Martin Luther kò yí ẹ̀sìn padà. Mọ́ǹkì ni, ó sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Bíbélì ní yunifásítì Wittenberg. Ohun tó ń sọ ni pé ìjọ ti bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń darí rẹ̀, kí wọ́n dá a padà sí bí àwọn àpọ́sítélì ṣe fi í sílẹ̀. Òun kọ́ ló sì kọ́kọ́ sọ ọ́. Ní ìpàdé ńlá tí ìjọ ṣe ní Constance láti ọdún 1414 sí 1418, igbe tó gba ẹnu àwọn bíṣọ́ọ̀bù fúnra wọn ni pé kí wọ́n tún ìjọ ṣe, látorí títí kan àwọn ẹ̀yà ara. Reformatio ni ọ̀rọ̀ Látìn tí wọ́n lò. Ẹ tú u wò: kò sí "tuntun" nínú rẹ̀. Kí nǹkan padà ní ìrísí tó ní tẹ́lẹ̀ ni.

Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún ìyẹn láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Bí òrùlé bá ń jò, a ó tún un ṣe. Bí ọkọ̀ bá dẹnu kọlẹ̀, mẹkáníìkì á tún un ṣe. Kò sẹ́ni tó gbé ọkọ̀ lọ bá mẹkáníìkì tó ń retí pé kó di ọkọ̀ mìíràn. Àwọn kan nínú yín ní "àtúnṣe" ti kéré jù, pé àṣìṣe inú ìwé ìròyìn là ń fi ṣe àtúnṣe. Kò kéré. Ohun tí a ń tún ṣe ló ń sọ bí iṣẹ́ náà ṣe tóbi tó. Ẹ jẹ́ ká dárúkọ ohun náà: Àtúnṣe Ìjọ. Pé àtúnṣe náà wá di ìpínyà, tí ìjọ kan di méjì, tó di mẹ́wàá, ìyẹn ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Orúkọ yẹ kó gbé ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, kí orí ìwé wá sọ ohun tó yọrí sí.

Mo tún rí i nínú àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n fi ránṣẹ́ pé wọ́n pe ìwé tí oníwàásù Johann Tetzel ń tà ní Jámánì nígbà náà ní "ìwé ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀". Níbí, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká lọ pẹ̀lẹ́. Ohun tí ìjọ ń kọ́ni ni pé bí ènìyàn bá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ tí àlùfáà sì gbọ́ ọ, Ọlọ́run ti dárí jì í, ṣùgbọ́n ìyà ẹ̀ṣẹ̀ náà ṣì kù tí yóò jẹ, bóyá láyé níbí, bóyá nínú iná ìwẹ̀nùmọ́ lẹ́yìn ikú. Bí ìgbà tí bàbá ti dárí ji ọmọ, àmọ́ tó ṣì ní dandan ni kó gbá gbogbo àgbàlá. Gbígbá àgbàlá yẹn ni ìwé náà ń dín kù tàbí mú kúrò. Nítorí náà kì í ṣe ìdáríjì. Ọ̀rọ̀ tí mo rò pé ó bá a mu ni ìmójúkúrò: ìwé ìmójúkúrò. A mójú kúrò nínú ìyà tó yẹ ẹni náà. Ọ̀rọ̀ Látìn rẹ̀ gan-an, indulgentia, ohun tó ń sọ nìyẹn.

Kí ló dé tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn? Torí pé inú ìyàtọ̀ yẹn ni gbogbo ìjà náà ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́nu Tetzel àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó dà bí ẹni pé owó ló ń ra ọkàn padà. Ìdajì owó náà ń lọ sí Róòmù fún kíkọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́, ìdajì yòókù ni Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Albrecht ti Mainz fi ń san gbèsè tó jẹ ilé owó Fugger ní Augsburg. Ọmọ tó bá ka "ìwé ìdáríjì" kò ní rí àlàfo tó wà láàárín ẹ̀kọ́ ìjọ àti ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà. Luther rí àlàfo náà. Ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀kítóbà, 1517, ó kọ gbólóhùn 95 lórí rẹ̀, ó sì pe àwọn ọ̀mọ̀wé síta láti bá a jiyàn.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó wà nínú gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú 95 yẹn. Àríyànjiyàn lórí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan ni! Irú èyí tí àwa náà ń ṣe lórí pẹpẹ yìí. Nínú Bíbélì Látìn, Jésù sọ pé poenitentiam agite. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ pé "ẹ ṣe ìyà tí àlùfáà bá yàn fún yín". Luther ní rárá, pé ohun tí Olúwa ń sọ ni pé kí gbogbo ìgbésí ayé onígbàgbọ́ jẹ́ ìrònúpìwàdà. Ó sì sọ nínú gbólóhùn kejì pé a kò lè túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà sí ìjẹ́wọ́ àti ìyà ọ̀dọ̀ àlùfáà. Ibo ló ti rí i? Lọ́dún 1516, ọ̀mọ̀wé Erasmus ti Rotterdam tẹ Májẹ̀mú Tuntun ní Gíríìkì jáde ní Basel, ó gbé Látìn tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nínú Gíríìkì, ọ̀rọ̀ náà ni metanoeite: ẹ yí ọkàn padà. Nígbà tí Erasmus tún ìwé náà tẹ̀ lọ́dún 1519, ó fi ọ̀rọ̀ Látìn mìíràn sí i, èyí tó túmọ̀ sí kí làákàyè ènìyàn padà bọ̀ sípò.

Ẹ̀yin ará, ẹ wo ohun tí Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ fi sí ibẹ̀ nínú Bíbélì Yorùbá tó parí lọ́dún 1884: ẹ ronúpìwàdà. Ronú, kí o sì pa ìwà dà. Ìrònú tí Gíríìkì ń sọ wà níbẹ̀, ìwà tí Yorùbá kò lè fi sílẹ̀ náà wà níbẹ̀, kò sì sí ìyà tí àlùfáà ń yàn rárá. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti kékeré, ọjọ́ tí mo tó ka gbólóhùn àkọ́kọ́ Luther ni mo tó mọ̀ pé ìjà ńlá kan ti parí sínú rẹ̀ kí ó tó dé etí mi. Bí ẹ̀gbọ́n bá fẹ́ ibi tí ìtàn Wittenberg ti kan ọmọ Yorùbá lóòótọ́, ibẹ̀ ni kí wọ́n tọ́ka sí.

Ọ̀kan ṣì wà. Lẹ́tà sí àwọn ará Róòmù wà lára ohun tí Crowther kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní Yorùbá, lọ́dún 1850. Orí ìwé yẹn gan-an ni Luther jókòó lé ní ọdún 1515 sí 1516. Nígbà tó wá túmọ̀ rẹ̀ sí Jámánì, ó fi "nìkan" kún orí 3, ẹsẹ 28: nípa ìgbàgbọ́ nìkan. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ pariwo pé "nìkan" kò sí nínú Gíríìkì. Lọ́dún 1530 ó fi lẹ́tà gbangba kan dá wọn lóhùn pé òun mọ̀ pé kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n Jámánì lòun ń sọ, kì í ṣe Látìn. Pé kí ẹni tó bá ń túmọ̀ lọ bi ìyá nínú ilé, àwọn ọmọ ní òpópónà, àti ẹni tó ń ná ọjà, kó máa wo ẹnu wọn bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Crowther kò fi "nìkan" sí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ tó yàn fún ohun tí Ọlọ́run ń ṣe fún onígbàgbọ́ níbẹ̀: a ń dá a láre. Ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ nìyẹn. Ẹni tí wọ́n dá láre ni ẹni tí adájọ́ ní kó máa lọ, ẹjọ́ rẹ̀ ti tọ́. Ohun tí ẹgbẹ́ Luther ń sọ gan-an nìyẹn, nígbà tí Róòmù ń tẹnu mọ́ ọn pé Ọlọ́run ń sọ ènìyàn di olódodo nínú ara rẹ̀ pẹ̀lú. Lójú tèmi, Bíbélì wa ti gbè sẹ́yìn ẹnì kan nínú ẹjọ́ yẹn láìpariwo.

Pé ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ lè gba ẹ̀mí ènìyàn, ẹ wo William Tyndale, atúmọ̀ Bíbélì kan, ará Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 1526 ó tẹ Májẹ̀mú Tuntun ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ìlú Worms. Níbi tí wọ́n ti ń retí "ṣọ́ọ̀ṣì", ó fi ọ̀rọ̀ tó jẹ́ "ìjọ ènìyàn" sí i. Níbi tí wọ́n ti ń retí "àlùfáà", ó fi ọ̀rọ̀ tó jẹ́ "alàgbà" sí i. Thomas More, ọ̀mọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì tó dúró ti Róòmù, rí i kíákíá pé bí àlùfáà bá di alàgbà lásán, agbára rẹ̀ ti tán, ó sì kọ ìwé gígùn ta kò ó lọ́dún 1529. Lọ́dún 1536 wọ́n fún Tyndale lọ́rùn pa ní Vilvoorde, lẹ́bàá Brussels, wọ́n sì sun òkú rẹ̀. Àwa gba "àlùfáà" lọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí ní tiwa, a sì ń lò ó wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ó kan Renaissance. Kí ló burú nínú Àtúnbí? Ó ti ní olówó. Nikodémù ló ni ín: bí kò ṣe pé a tún ènìyàn bí. Ọmọ tó bá ka "Ìgbà Àtúnbí" máa rò pé ìgbà kan wà tí àwọn ará Ítálì lọ sí ìsọjí tí wọ́n sì gba Jésù. Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù kọ́ nìyẹn. Ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an dorí kodò. Ẹni àtúnbí ń bọ́ ohun àtijọ́ sílẹ̀. Àwọn ará Ítálì wọ̀nyí, ohun àtijọ́ ni wọ́n ń wá kiri. Lọ́dún 1345 akéwì Petrarca rí àwọn lẹ́tà Cicero, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Róòmù àtijọ́, ní Verona. Lọ́dún 1396 Florence ránṣẹ́ pe Manuel Chrysoloras láti Constantinople kó wá kọ́ wọn ní Gíríìkì. Lọ́dún 1417 Poggio, ọ̀mọ̀wé Ítálì kan, rí ewì Lucretius, akéwì Róòmù àtijọ́, nínú ilé àwọn mọ́ǹkì. Nígbà tí Giorgio Vasari kọ̀wé nípa àwọn ayàwòrán lọ́dún 1550 tó sì pe ohun tó ṣẹlẹ̀ ní rinascita, ohun tó ní lọ́kàn ni pé iṣẹ́ ọnà àwọn baba ńlá, ti Gíríìsì àti Róòmù àtijọ́, ti kú, ó sì ti padà wá sáyé. (Renaissance tí à ń pè é lónìí, Faransé ni, òpìtàn Jules Michelet ló sọ ọ́ di orúkọ ìgbà kan nínú ìtàn, lọ́dún 1855.)

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ọ̀rọ̀, a kì í wá Babátúndé lọ sí òkèèrè. Àwa tí a ń wo ojú ọmọ tuntun tí a ń rí ojú bàbá àgbà, ṣé àwa ni yóò ṣaláìní ọ̀rọ̀ fún èyí? Àtúnwá ni. Ọmọ náà kì í ṣe bàbá àgbà. Ara rẹ̀ tuntun, ayé tó bá yàtọ̀. Síbẹ̀ bàbá ló tún dé. Michelangelo kì í ṣe ará Róòmù àtijọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo ère Dáfídì tó gbẹ́ rí ọwọ́ àwọn tó ń fi òkúta gbẹ́ ère, tí wọ́n ti kú láti ẹgbẹ̀rún ọdún ó lé. Mo dábàá Àtúnwá Ọgbọ́n. Mo mọ̀ pé àwọn onígbàgbọ́ kan nínú wa máa ní àtúnwá kì í ṣe ẹ̀kọ́ Bíbélì. Bẹ́ẹ̀ ni, kì í ṣe ẹ̀kọ́ Bíbélì là ń kọ́ níbí, orúkọ là ń sọ ọgbọ́n kan.

Àǹfààní tí mo rí nínú orúkọ méjèèjì, Àtúnṣe Ìjọ àti Àtúnwá Ọgbọ́n, ni pé ọmọ máa rí i lójú ẹsẹ̀ pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Lóòótọ́ ni wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá. Lorenzo Valla, ọ̀mọ̀wé Ítálì kan, fi hàn lọ́dún 1440 pé ìwé tí àwọn póòpù fi ń sọ pé Ọba Constantine fún wọn ní àṣẹ lórí ìwọ̀-oòrùn ayé, ayédèrú ni. Báwo ló ṣe mọ̀? Ó ka Látìn inú rẹ̀, ó rí ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì máa lò nígbà ayé Constantine. Valla yìí náà ló fi Májẹ̀mú Tuntun Látìn wé ti Gíríìkì tó sì ń kọ àṣìṣe rẹ̀ sílẹ̀. Erasmus rí àkọsílẹ̀ yẹn nínú ilé àwọn mọ́ǹkì lẹ́bàá Leuven lọ́dún 1504, ó tẹ̀ ẹ́ jáde, òun náà wá ṣe tirẹ̀ lọ́dún 1516. Luther mú ti Erasmus. Àwọn atúmọ̀ èdè bíi tiwa ló fà á. "Ẹ padà sí orísun" ni ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu gbogbo wọn, ì báà jẹ́ Cicero ni wọ́n ń wá tàbí Pọ́ọ̀lù.

Ibi tí mo ti fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n wí díẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ni orí ìwé tó sọ̀rọ̀ nípa àwòrán. Wọ́n kọ ọ́ pé lọ́dún 1524 "wọ́n kó àwọn òrìṣà jáde nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Zürich". Ohun tí wọ́n kó jáde ni ère àti àwòrán àwọn ẹni mímọ́. Ìgbìmọ̀ ìlú ló pàṣẹ, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ra, wọ́n sì ń kó o kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bóyá òrìṣà ni tàbí kì í ṣe òrìṣà, ìjà náà gan-an nìyẹn! Zwingli, oníwàásù tó ń darí àtúnṣe ní Zürich, ní òrìṣà ni. Róòmù ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé ẹni tí ère náà dúró fún là ń bọlá fún, wọ́n sì tún un sọ ní ìpàdé ńlá ìjọ ní Trent ní oṣù Disẹ́ńbà ọdún 1563. Atúmọ̀ tó bá kọ "òrìṣà" láìsọ pé Zwingli ló ń sọ̀rọ̀ ti dájọ́ kí ẹlẹ́rìí tó dé. Ère ni kí a kọ. Àwòrán ni kí a kọ. Fún ìwà náà, Ìfọ́ère tó. A óò lò ó fún Basel lọ́dún 1529 àti Netherlands lọ́dún 1566, níbi tí wọ́n ti fi òòlù fọ́ ọ ní gbangba.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí a ṣe rò lọ. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Cuba àti Brazil bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó gba ìpinnu Trent yẹn, tí ère àwọn ẹni mímọ́ kún ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Wọ́n wo Santa Bárbara ní Cuba, pẹ̀lú aṣọ pupa rẹ̀ àti idà rẹ̀ àti mànàmáná, wọ́n sì rí Ṣàngó. Ká ní ṣọ́ọ̀ṣì tí Zwingli gbá mọ́ ni wọ́n bá níbẹ̀, kí ni ojú wọn ìbá rí?

Ebi sì pa àwọn ayàwòrán. Nígbà tí iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì gbẹ ní Basel, Hans Holbein gba lẹ́tà lọ́wọ́ Erasmus, ó kọjá sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1526, ojú àwọn ìjòyè ló wá ń yà. Ní Nuremberg, lọ́dún yẹn kan náà, Albrecht Dürer ya Jòhánù, Pétérù, Pọ́ọ̀lù àti Máàkù, ó fún ìgbìmọ̀ ìlú, ó sì ní kí wọ́n kọ ẹsẹ Bíbélì láti inú ìtumọ̀ Luther sísàlẹ̀ wọn: àwòrán tó fẹ́ kí ẹ kà á. Ní ọ̀dọ̀ Àgùdà, ní Venice lọ́dún 1573, wọ́n pe Paolo Veronese síwájú àwọn onídàájọ́ ìgbàgbọ́ pé kí ni àwọn ọ̀mùtí, ajá àti sójà Jámánì ń wá nídìí Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa tó yà. Wọ́n ní kó tún un ṣe. Kò gbé búrọ́ọ̀ṣì. Orúkọ ló pààrọ̀, ó pè é ní Àsè ní Ilé Léfì, ọ̀rọ̀ sì parí. Ẹ ò rí i pé orúkọ kì í ṣe nǹkan kékeré.

Lórí sáyẹ́ǹsì, ọ̀rọ̀ kan péré ni mo ní. Wọ́n túmọ̀ hypothesis sí "ìméfò". Kì í ṣe ìméfò, àbá ni. Ìwé Copernicus, onímọ̀ nípa ojú ọ̀run, tó ní ayé ló ń yí oòrùn po, jáde ní Nuremberg lọ́dún 1543. Àgùdà ni Copernicus. Rheticus tó rọ̀ ọ́ títí tó fi gbé e jáde, ọ̀jọ̀gbọ́n láti Wittenberg ti Luther ni. Andreas Osiander, oníwàásù nínú ẹgbẹ́ Luther, wá fi ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí i láìfọwọ́ sí i, pé kò pọn dandan kí àbá yìí jẹ́ òótọ́, kí ìṣirò sáà ti bá ojú ọ̀run mu. Bẹ́ẹ̀ Copernicus ní tirẹ̀ gbà pé òótọ́ ni. Àwọn àgbà wa ní àbá níí di òtítọ́, ojo ni kì í jẹ́ ká dá a. Inú àlàfo tó wà láàárín àbá àti òtítọ́ yẹn ni Osiander fẹ́ fi ìwé náà pamọ́ sí, "ìméfò" kò sì lè gbé e.

Mo lo Àgùdà fún Ìjọ Róòmù lókè yìí. Mo mọ̀ pé ọ̀dọ̀ àwọn tó ti Brazil padà wá sí Èkó ni orúkọ náà ti wá, ṣùgbọ́n kò sí Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kó dúró. Pùròtẹ́sítáǹtì ńkọ́? Àwọn kan ní "Alátakò". Lọ́dún 1529, ní Speyer, nígbà tí àwọn ìjòyè mélòó kan àti ìlú 14 tó gba àtúnṣe náà kọ̀wé wọn, protestatio tí wọ́n pè é ní Látìn kì í ṣe àtakò nìkan. Ó jẹ́ kíkéde ní gbangba ohun tí ènìyàn gbà gbọ́, bí ẹlẹ́rìí. Alátakò gbé ìdajì, ó ju ìdajì nù. Kí Pùròtẹ́sítáǹtì wọlé bó ṣe wà.

Ọ̀kan ló kù tí mi ò tíì rí ojútùú rẹ̀: humanista, àwọn olùkọ́ bíi Valla tó ń kọ́ni ní gírámà, ọ̀rọ̀ sísọ, ewì, ìtàn àti ẹ̀kọ́ ìwà. "Ẹlẹ́kọ̀ọ́ ọmọlúàbí" tí ẹnì kan mú wá dùn mọ́ mi, torí pé wọ́n gbà lóòótọ́ pé ìwé kíkà ló ń sọ ènìyàn di ènìyàn. Ṣùgbọ́n ọmọlúàbí tí kò mọ a-bí-dí pọ̀ ní ìlú wa, wọn ò sì di ẹlòmíràn nítorí ìyẹn. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú un wá kí ẹ̀gbọ́n tó parí orí kẹta.